Kí Omi Tó Wọ Agbada

Ọjọ́ Ajé ni Àǹtí Colette kọ́kọ́ gbé kọ̀ǹpútà kékeré náà gun òkè lọ sí àgọ́ ìsè, níbi tí a ti ń se omi igi mépù di oyin. Ọjọ́ Ajé kan náà ló gbé e sọ̀ kalẹ̀ padà, tó sì fi í sórí tábìlì ilé ìdáná wa jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó kọ oúnjẹ wá bá ìyá àgbà.

"Kò sọ̀rọ̀ o," ó ní. "Iná ń tàn lára ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀."

Bàbá ọkọ mi, Alcide Gaboury, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó gbé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lé àpótí kan. Ó bojú wo kọ̀ǹpútà náà. Pátákó aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo ni, kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, kámẹ́rà kan sì yọ lára rẹ̀ bí ojú ìgbín.

"Ṣebí o ní ó ní ọpọlọ?"

"Ó ní ọpọlọ, Bàbá."

"Ọpọlọ tí kì í sọ̀rọ̀. Ludger àbúrò mi gẹ́lẹ́ nìyẹn."

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì bu kọfí fún Àǹtí mi. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó di ife náà mú kí ọwọ́ rẹ̀ lè móoru. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ó ń wa bọ́ọ̀sì iléèwé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, àárín méjèèjì ló sì fi ń ṣe gbogbo nǹkan yòókù. Ilé ìkàwé ìlú ló ti kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láàárín àwọn arúgbó tó wá kọ́ bí wọn yóò ṣe máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ-ọmọ wọn. Òun nìkan ló béèrè bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Nínú oṣù Kejìlá, yìnyín yọ Bàbá lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé màlúù, egungun ìbàdí rẹ̀ sì dá. Wọ́n fi irin tò ó. Dókítà ní kò gbọdọ̀ gun òkè kankan títí ìgbà ooru. Aláìsàn wa gbọ́ ọ, ó mi orí, ó dúpẹ́. Nígbà tí a dé inú ọkọ̀, ó ní, "Ọmọ dáadáa ni dókítà yẹn. N óò fi oyin igi ránṣẹ́ sí i nígbà tí mo bá sè é tán."

Ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ló ti ń wà nídìí agbada lọ́jọ́ tí omi igi mépù bá kọ́kọ́ ṣàn. Kò pa ọ̀kan jẹ rí. Kò pa á jẹ nígbà tí wọ́n bí Colette, kò pa á jẹ ní ọdún tí Rosalie ìyàwó rẹ̀ kú, kò sì pa á jẹ ní ọdún tí a sin Réal, ọmọ rẹ̀, ọkọ mi. Lọ́dún yẹn, èmi àti òun dúró ti agbada láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. A kò sọ ju gbólóhùn mẹ́wàá lọ, ó sì tó wa.

Nítorí náà ni Colette ṣe bá a ṣe àdéhùn. Kọ̀ǹpútà yóò wà lókè, kámẹ́rà rẹ̀ yóò máa wo táǹkì tí omi igi ń ṣàn sí àti agbada tí a fi ń sè é, àwòrán rẹ̀ yóò sì máa wá sórí tẹlifíṣọ̀n kékeré tó wà níwájú àga Bàbá. Láti ojú fèrèsé wa, ilé màlúù nìkan la ń rí. Òkè wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Bí mo bá fi ojú ara mi rí táǹkì yẹn lọ́jọ́ tí omi bá dé, n óò jókòó," Bàbá ní. "Bí n ò bá rí i, ẹ óò bá mi lójú ọ̀nà."

"A lè máa pè yín lórí fóònù, ká máa sọ ibi tó dé fún yín," mo ní.

"Ìwọ? Bó bá dé ìdá kan nínú mẹ́rin, wàá ní ó ti dé ìlàjì, kí inú mi lè dùn. Mo mọ̀ ọ́."

Ó mọ̀ mí lóòótọ́. Ó ní kí n gbé bàtà yìnyín òun wá sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e síbẹ̀. Lójoojúmọ́ ni mo ń gbálẹ̀ yí bàtà náà ká, tí mo ń wo ọ̀nà òkè láti ẹnu ilẹ̀kùn, bó ṣe ga tó, bó ṣe ń dán.

Lọ́jọ́ Ajé yẹn, nígbà tí Colette mu kọfí tán, ó ki okùn iná bọ kọ̀ǹpútà náà lára, ó sì gbá tẹlifíṣọ̀n jí. Láàárín ìṣẹ́jú kan àwòrán dé, ó mọ́ kedere: ẹ̀yìn orí ọkùnrin kan, àga, àti sítóòfù.

"Ta ni arúgbó yìí?" Bàbá bèèrè.

"Ẹ̀yin ni."

"Irọ́ ni. Orí tèmi ní irun lẹ́yìn."

"Ẹ fọwọ́ kàn án ẹ wò."

Ó fọwọ́ kàn án. Arúgbó inú tẹlifíṣọ̀n náà fọwọ́ kan orí rẹ̀. Kò sí irun níbẹ̀. Bàbá tún fọwọ́ pa á, ó wá ní, "Rosalie ì bá ti sọ fún mi."

Bẹ́ẹ̀ ni ìyọnu wa ṣe rí. Nínú ilé ìdáná, ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́. Lókè, kò ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Colette pinnu pé òtútù ni. Ó ní ẹ̀rọ tó ti ilé gbígbóná jáde kò lè fara da àgọ́ tí a kò tíì dáná nínú rẹ̀. Ó ń wá ohun tí yóò fi wé e. Mo wo ara ògiri, níbi tí fìlà onírun àgùntàn Réal wà, fìlà pupa tó fi ń gun òkè. Ọdún kẹrin nìyẹn tó ti wà lórí ìṣó yẹn. Mo mú un sọ̀ kalẹ̀, mo gbọn eruku rẹ̀, mo nà án sí Àǹtí mi.

Ó wò mí. "Ó dá ẹ lójú, ìyàwó mi?"

"Etí rẹ̀ ni fìlà yẹn ń bò," mo ní. "Ẹ jẹ́ kó bo etí ẹlòmíì."

Ó fi fìlà bo kọ̀ǹpútà náà, ó jẹ́ kí kámẹ́rà yọ síta, ó so okùn rẹ̀ nísàlẹ̀ bí ẹni so ó fún ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, a sì jọ gun òkè. A tan jẹnẹrétọ̀. Iná tàn lára kọ̀ǹpútà, iná tàn lára díìṣì kékeré tó wà lórí òrùlé àgọ́. Èkejì díìṣì náà wà lórí ilé màlúù nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì ló ń ju ọ̀rọ̀ sí ara wọn láti òkè sí ilé, bí ẹni méjì tó ń ju bọ́ọ̀lù. A dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo pe Bàbá lórí fóònù.

"Kí lẹ rí?"

"Mo rí òkùnkùn," ó ní. "Òkùnkùn tó dára ni. Kò sí àléébù kan lára ẹ̀."

A gbé e sọ̀ kalẹ̀. Nínú ilé ìdáná, pẹ̀lú fìlà lórí, ó fi ẹ̀yìn orí Bàbá hàn wá lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀yin ò rí i ni?" Bàbá ní. "Sítóòfù ló fẹ́ràn. Èmi náà fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń gun òkè."

Rédíò ń sọ̀rọ̀ lórí fìríìjì. Wọ́n ní òtútù yóò mú gan-an ní òru Ọjọ́rú, oòrùn yóò sì ràn dáadáa ní Ọjọ́bọ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé bí òru bá dì tí ọ̀sán sì yọ́, omi igi mépù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Bàbá na ọ̀pá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin rẹ̀, ó fi fa bàtà rẹ̀ súnmọ́ ilẹ̀kùn díẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́rú, Colette dé láti ìdí bọ́ọ̀sì rẹ̀, kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù. Ó yọ okùn tẹlifíṣọ̀n Bàbá lára ògiri.

"Níbo lò ń gbé e lọ?"

"Òkè. Mo fẹ́ rí ohun tí kọ̀ǹpútà yìí ń sọ nígbà tó wà lọ́hùn-ún. Nínú ilé kì í ráhùn, báwo ni mo ṣe máa mọ ohun tó ń dùn ún?"

"Tẹlifíṣọ̀n tí mo fi ń wo họ́kì orí yìnyín! Sáàárín igi!"

"Bàbá, ẹ máa rí i padà kó tó di àsìkò eré."

"Bó bá fọ́, ìwọ lo máa wọ bàtà onírin, wàá máa sáré lórí yìnyín yípo ilé yìí, èmi á máa wò ẹ́ láti ojú fèrèsé."

A fi kúbùsù wé tẹlifíṣọ̀n náà, a dè é mọ́ pákó tí a fi ń wọ́ igi ìdáná lórí yìnyín, mo ń tì, Colette ń fà. Nínú àgọ́, a gbé e lé orí àgbá, a so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn tààrà, a sì tan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rọ̀ funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yára sáré sókè lórí dúdú. Lẹ́yìn náà ó dúró. Colette na ìka, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́, ó sì tẹ àṣẹ kan pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní kí n wo fóònù òun. Àwòrán ti dé síbẹ̀: táǹkì òfìfo, agbada, àti èmi tí mo ya ẹnu.

A dì mọ́ ara wa, a fò sókè. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Àǹtí, bí a bá pa jẹnẹrétọ̀ tí a sì tún tàn án ńkọ́?"

Ojoojúmọ́ la ń pa á bí a bá ń lọ sílé. Ó pa á, ó tún tàn án. Kọ̀ǹpútà jí, díìṣì jí, a dúró. Òkùnkùn.

"Bí mo bá fọwọ́ jí i, á ṣiṣẹ́," Colette ní, ó ń họ orí. "Bó bá fúnra ẹ̀ jí, á kú. Ọwọ́ mi ọ̀tún kọ́ ló yẹ kó máa gbé nínú àgọ́ yìí." Páálí dónọ́ọ̀tì wà nínú àpò rẹ̀. Ó tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ó sì da gbogbo ohun tí ẹ̀rọ náà kọ kọ lé e lórí, pẹ̀lú àkókò wọn.

Nígbà tí a dé ilé, kó tó dá tẹlifíṣọ̀n padà sí àyè rẹ̀, ó jókòó sídìí tábìlì, ó ka páálí náà sókè. Kì í ṣe nítorí Bàbá ló ṣe ń kà á. Ó ń kà á kí etí ara rẹ̀ lè gbọ́ ọ.

"Ètò kan wà nínú ẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní ìránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ sínú fáìlì pé àdírẹ́sì báyìí báyìí ni kó lọ dúró sí, kó máa ju àwòrán síta látibẹ̀. Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣe. Ìṣẹ́jú àáyá méjìdínlógún lẹ́yìn tí iná dé, ìránṣẹ́ jí. Ìṣẹ́jú àáyá kọkàndínlógún, ó wá àdírẹ́sì ẹ̀, ó ní kò sí àdírẹ́sì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ogún, ó jáwọ́, ó sùn."

"Ọ̀lẹ," Bàbá ní.

"Ìṣẹ́jú méjì àti ogójì àáyá, díìṣì rí èkejì ẹ̀. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé, ó gbé àdírẹ́sì náà wá."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn náà."

Bàbá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láti orí àpótí. "Tún un kà."

Colette tún un kà. Kó tó dé ìdajì, èjìká Bàbá ti ń mì. Mo rò pé ìbàdí ló ń dùn ún, mo sáré lọ bá a. Ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé omi ń jáde lójú rẹ̀.

"Ó dáná!" ó ní. "Ọmọdé yẹn! Ó dáná kí omi tó wọ agbada!"

Colette wò mí, èmi náà wò ó. Nínú àgọ́ wa, kò sẹ́ni tó ń ṣáná lásán. Ẹni tó di ìṣáná mú yóò béèrè sókè pé, "Ṣé omi ti wọ agbada?" Ẹni tó dúró ti agbada yóò wo inú rẹ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ kó tó dáhùn. Bí iná bá fi lè wà lábẹ́ agbada òfìfo, kò ní pẹ́ rárá tí irin yóò fi pọ́n, tí ìdí rẹ̀ yóò sì jò. Ọ̀kan tó jò bẹ́ẹ̀ wà lára ògiri àgọ́ wa títí dòní, ihò inú rẹ̀ gba orí ènìyàn. Agbada Ludger là ń pè é.

"Bàbá," Colette ní pẹ̀lẹ́, "nínú ilé yìí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wà nílẹ̀ kó tó jí. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ṣiṣẹ́ níbí. Lókè, iná dé bá òun àti díìṣì lẹ́ẹ̀kan náà, òun yára, díìṣì lọ́ra."

"Ṣé ohun tí mò ń sọ kọ́ nìyẹn?"

Ó ti ṣí fáìlì náà. Ó wá ìlà tó yẹ, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìránṣẹ́ dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì kó tó dìde. Ó ní ó tán, ká gbé e lọ sókè.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó tán?" mo bi í. "Nínú ilé yìí, kò sí ohun tí kì í ṣiṣẹ́."

Ó ronú. "A ò lè dán an wò níbí."

Mo ti ń wo àpótí Wáìfáì tó wà lórí fìríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíò. "Ẹ jẹ́ ká gbé òkè wá sínú ilé," mo ní. "N óò pa Wáìfáì. Ẹ tan kọ̀ǹpútà. Bó bá jí, tó rí i pé kò sí ọ̀nà, n óò wá tan Wáìfáì lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì."

Bàbá tọ́ka sí mi, ó bojú wo ọmọ rẹ̀. "Èyí ni ká máa rán lọ sí ilé ìkàwé."

A ṣe bẹ́ẹ̀. A dá tẹlifíṣọ̀n padà síwájú àga Bàbá. Mo gun àga, mo yọ okùn. Bàbá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ bí adájọ́ eré sísá. Nígbà tí ìṣẹ́jú méjì pé, mo ki okùn bọ̀ ọ́ padà. A dúró. Kò sí arúgbó kankan nínú tẹlifíṣọ̀n. Colette wo ohun tí ẹ̀rọ kọ: ìránṣẹ́ tún ti tètè jí, ó tún ti sùn.

"Ṣùgbọ́n mo ní kó dúró!" ó pariwo mọ́ pátákó náà. "Mo kọ ọ́ sílẹ̀! Ṣé o ò mọ̀wé ni?"

Bàbá kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. Ó ń fi ìka pa ìrùngbọ̀n rẹ̀. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, sí sítóòfù ju sí wa lọ.

"Mo gbọ́ omi nínú páìpù lọ́jọ́ náà."

"Ọjọ́ wo, Bàbá?"

"Ọdún àkọ́kọ́ tí bàbá mi fi àgọ́ sílẹ̀ fún èmi nìkan. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí. Rosalie dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó wọ kóòtù búlúù kan. Mo fẹ́ kó rí mi bí ọ̀gá. Mo ṣí ẹnu páìpù, mo gbọ́ omi tó ń kùn bọ̀ nínú ẹ̀, mo ní ó ti dé nìyẹn, mo sì ṣáná. Yìnyín ló dí páìpù náà láàárín. Ohun tí mo gbọ́, ìró lásán ni. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, ìdí agbada ti jò."

Colette yíjú kúrò lára fáìlì.

"Agbada Ludger?"

"Ẹ̀n-ẹ́n."

"Bàbá! Ọgọ́ta ọdún! Ẹ ní Bọ̀ọ̀dá Ludger ló jó o! Mo ti fi agbada yẹn bú ọkùnrin yẹn láti kékeré!"

"Ó kéré nígbà náà, kò rántí. Mo sọ fún un pé òun ni, ó sì gbà."

Mo di ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Colette gbé orí lé tábìlì, ó ń fi ọwọ́ lù ú. Ojú Bàbá pọ́n bí ojú ọmọ tí a ká mọ́ ibi ṣúgà, ṣùgbọ́n mo rí i pé ara rẹ̀ fúyẹ́.

Nígbà tí Colette nu ojú rẹ̀ tán, ó yí padà sí fáìlì náà. "Ìró omi," ó ní. "Ẹ dúró. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà." Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún wa: nínú èdè ẹ̀rọ náà, ọ̀rọ̀ kan wà fún ìgbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra, ọ̀rọ̀ mìíràn sì wà fún ìgbà tó ti dé pẹ̀lú àdírẹ́sì lọ́wọ́. Èyí àkọ́kọ́ ló kọ. Ó pa á rẹ́, ó kọ èkejì. Lẹ́yìn náà ló fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀.

"Kí nìyẹn?" Bàbá bèèrè.

"Mo ní bó bá ṣubú, kó dìde fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá."

"Bá mi kọ ìyẹn sára ìbàdí mi náà."

Mo tún gun àga. Mo yọ okùn, a tan kọ̀ǹpútà, a dúró de ìṣẹ́jú méjì tó gùn bí ìwàásù ọjọ́ Àìkú, mo sì dá okùn padà. Tẹlifíṣọ̀n ṣókùnkùn síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, láìsí ariwo kankan, ẹ̀yìn orí Bàbá yọ níbẹ̀, ó ń dán bí ẹyin.

"Kò burú tó bí mo ṣe rò," ó ní, ó ń wò ó dáadáa.

Lọ́jọ́bọ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti orí òrùlé ní aago mẹ́jọ. Colette gbé kọ̀ǹpútà onífìlà gun òkè bó ṣe dé láti ìdí bọ́ọ̀sì. Èmi dúró sílé, nítorí pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró láàárín Bàbá àti ilẹ̀kùn. Mo mọ̀ pé n kò lè dá a dúró. Bó bá dìde, ohun tí mo lè ṣe ni kí n di apá rẹ̀ mú, kí a jọ ṣubú.

Fóònù dún. "Mo ti tan jẹnẹrétọ̀," Colette ní. "Omi ti ń wọ táǹkì, Bàbá. Ó ń wọ̀ gan-an!"

Bàbá tẹjú mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Òkùnkùn. Ó nawọ́ sí bàtà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó ń dúró de ọ̀nà ni. Ẹ̀yin lẹ ní kó dúró."

"Mo mọ̀. Èmi náà ń múra dè é."

Ó ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ bàtà. Mo ń wo aago ògiri. Ìṣẹ́jú kan. Ó so okùn bàtà náà, ó fara balẹ̀ so ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú méjì. Ó gbé bàtà òsì, ẹsẹ̀ tó dùn ún, ó ń wá bí yóò ṣe tẹ̀ ba. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo di bàtà náà mú. N kò mọ̀ bóyá mò ń ràn án lọ́wọ́ ni tàbí mò ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun náà kò mọ̀. A dì í mú bẹ́ẹ̀, àwa méjèèjì.

Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí ojú rẹ̀. Mo rí i níbẹ̀ kí n tó yíjú padà.

Táǹkì wà nínú tẹlifíṣọ̀n. Omi tó mọ́ bí díńgí ń tú sínú rẹ̀ láti ẹnu rọ́bà, oòrùn sì ti ojú àlàfo pákó wọlé bá a. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni agbada wà, pẹ̀lú imú Colette, tó tóbi bí ọ̀dùnkún níwájú kámẹ́rà.

"Colette!" Bàbá ké sínú fóònù. "Gbé imú ẹ kúrò níwájú táǹkì mi!"

A gbọ́ igbe ayọ̀ láti òkè. A gbọ́ ọ nínú fóònù, a sì gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ilé màlúù, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì.

Bàtà òsì bọ́ sílẹ̀. Bàbá fẹ̀yìn ti àga. Ó ń wo omi náà. Lẹ́yìn náà ló wò mí, tí mo ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Kí lò ń ṣe níbí? Iṣẹ́ wà lókè. Èmi ò lọ ibì kankan. Ṣé o ò rí i pé ọwọ́ mi dí ni?"

Mo sáré gun òkè náà bí ọmọdébìnrin. Nígbà tí mo dé àgọ́, omi ti ń ṣàn láti táǹkì bọ̀ sínú agbada, igi ìdáná ti wà nílẹ̀, fóònù sì wà lórí àgbá, ó ṣí sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, Bàbá ló máa ń di ìṣáná mú, tó ń béèrè; Réal ló máa ń wo inú agbada, tó ń dáhùn. Láti ìgbà tí Réal ti lọ, Colette ló ń dáhùn. Lọ́jọ́ náà ó fi ìṣáná sí mi lọ́wọ́.

"Ìwọ ni kó o béèrè," ó ní.

N kò tíì béèrè rí. Mo wo kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lókè lára òpó, nínú fìlà pupa tó mọ̀ mí, tó ń wo agbada.

"Ṣé omi ti wọ agbada?"

Ohùn Bàbá ti inú fóònù jáde lójú ẹsẹ̀, bí ohùn ẹni tó dúró tì mí. "Omi ti wọ agbada, ọmọ mi. Jíjìn ìka mẹ́ta. Mo fi ojú ara mi rí i. Dáná."

Mo ṣáná.

A sè títí Colette fi lọ gbé àwọn ọmọ iléèwé, èmi sì dúró ti iná títí ó fi padà dé. Ní ìrọ̀lẹ́, a gbé oyin àkọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo bu yìnyín mímọ́ sínú àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, mo da oyin gbígbóná lé e kó lè dì bí gọ́ọ̀mù, mo gbé dónọ́ọ̀tì àti kùkúḿbà inú ọtí kíkan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì gbé e wọ inú ilé.

Bàbá wà lórí fóònù. Ó gbé e jìnnà sí etí, nítorí pé Bọ̀ọ̀dá Ludger ń pariwo láti Florida, a sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà.

"Mo ní kó o má bínú!" Bàbá ń sọ. "Ṣé o fẹ́ kí n fi agbada náà ránṣẹ́ sí ẹ ni? … Ó dáa, n óò fi ránṣẹ́!"

Bàtà òsì wà nílẹ̀ níbi tó bọ́ sí. Ti ọ̀tún ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, okùn rẹ̀ ṣì so lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbé àwo lé orí àpótí, mo bẹ̀rẹ̀ láti bá a bọ́ ọ.

Ó fi ọwọ́ bo ẹnu fóònù. "Fi í sílẹ̀," ó ní. "Ẹsẹ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè ni."